Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Mí

Ìkàtẹ́ Elégùshì, Èkó
18 Jánúárì, 1998

Bọ̀sún, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ? Àwa wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le. Eruku ọ̀nà márosẹ̀ ò jẹ́ kí n lè gbé aṣọ funfun kọ́ síta ìsọ̀. Kí n tó rán yúnífọ́ọ̀mù kan tán, ó ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi nu ilẹ̀. Láńre, ẹni tó ń bá wa jíṣẹ́ lọ jíṣẹ́ bọ̀, mú lẹ́tà rẹ dé, ó mú ṣokoléètì ọmọ rẹ náà dé, àmọ́ ó ti yọ́ mọ́ bébà. Rọ̀kíbátù lá bébà náà mọ́ tónítóní.

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Ọkùnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akíndàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, Kóòṣì làwọn ọmọ ń pè é. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Rọ̀kíbátù ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù ẹsítéètì tuntun tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ wọ ẹgbẹ́ òun, Ẹja Wúrà, kó máa bá wọn lọ díje. Ó ní, "Màmá, ọmọ yìí kì í bá omi jà. Omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé e."

Mo wò ó. Àwa tí wọ́n bí létí ọ̀sà mọ̀ pé omi tó ń gbéni, òun náà ló ń gbéni lọ. Ọ̀nà tó gbà ń wo ọmọ náà ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe ìwòkuwò o, má ṣì mí gbọ́. Ó ń wo apá rẹ̀ àti àyà rẹ̀ bí èmi ṣe ń wo aṣọ kí n tó gé e.

Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, ọmọ Mùsùlùmí, nínú pátá lójú ọkùnrin? Mo ní rárá. Àmọ́ ìwọ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sí láyé mọ́ láti bá mi dá sí i. Sọ ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ. O ti mọ tèmi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bàṣírát


Lífápúù, Ìlú Ọba
9 Fẹ́búárì, 1998

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí yín fún iṣẹ́ ọmọ tí ẹ ń bá mi ṣe. Ara mi yá. Ilé ìfọṣọ ọsibítù náà ni mo ṣì wà, ooru ẹ̀rọ ibẹ̀ ni ò jẹ́ kí n mọ̀ pé òtútù wà níta.

Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kó lọ. Obìnrin tá a jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọmọkùnrin kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé e káàkiri, mo sì máa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ títí etí mi á fi kún. Èmi náà fẹ́ ní ìròyìn tèmi. Láti ọdún mélòó yìí, kí ni mo mọ̀ nípa ọmọ mi ju pé ó ti ga, pé ó ti jẹun, pé ibà mú un, pé ibà fi í sílẹ̀?

Ní ti aṣọ, ta ló tún mọ aṣọ rán jù yín lọ? Ẹ rán èyí tó máa bò ó dé orúnkún. Ẹ̀rù omi tó ń bà yín, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kọ́ lèyí. Omi tó mọ́, tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí olùkọ́ dúró tì, kí ló tún lè fi pamọ́ fún wa?

Mo fi awò ojú omi kan rán Láńre sí i. Ẹ bá mi kí Rọ̀kíbátù.

Àbúrò yín,
Bọ̀sún


Ìkàtẹ́ Elégùshì
31 Méè, 1998

Bọ̀sún, ìwọ tó dáná sábẹ́ ìkòkò tán tó wá jókòó sí ìlú òyìnbó, mo kí ọ o.

Ìdíje àkọ́kọ́ ti kọjá lánàá. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n á kàn ní kí àwọn ọmọ bẹ́ sómi, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òdìkejì gba ẹ̀bùn. Irọ́ gbáà! Ètò rẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbéyàwó lọ. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín wọn, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Wọ́n fi bíírò kọ nọ́ńbà sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lápá, kó lè mọ ìgbà tí yóò wẹ̀ àti lénì, ìyẹn ìlà inú omi, tí yóò wà. Ẹni tó bá yára jù ni wọ́n ń fi sí lénì àárín, àwọn tí ò yára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn kan wà nídìí lénì kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ aago. Àwọn mìíràn ń rìn létí omi nínú aṣọ funfun, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Tí fèrè bá dún, àwọn ọmọ á gun pátákó tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi. Ọkùnrin kan á ní kí wọ́n múra, gbogbo ibẹ̀ á sì pa lọ́lọ́. Bọ̀sún, ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn! Obìnrin tó ń jẹ ẹ̀pà gbàgbé ẹ̀pà sẹ́nu. Ọmọ tó bá mira kí wọ́n tó ní kó lọ, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn.

Wọ́n yọ tìẹ náà. Ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni. Òun ló ń ṣáájú, ó dé ògiri, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo kàn án, obìnrin aláṣọ funfun kan bá nawọ́ sókè. Wọ́n ní ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ọwọ́ ni ẹ ń kà ni àbí eré?" Ẹnì kan fà mí ní ìró látẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Rọ̀kíbátù, ẹ jókòó, òfin ni. Wọ́n ti yọ tèmi náà rí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sómi tẹ̀lé wọn." Bí mo ṣe mọ Dúródọlá nìyẹn, tó ń ta ọ̀dà ilé ní Awóyáyà. Fúnláyọ̀ lorúkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ Ẹja Wúrà bíi Rọ̀kíbátù ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ni. A jọ mu omi nínú ike kan.

Nínú fìríṣitáìlì, ìwẹ̀ tí kálukú ń wẹ̀ bó ṣe wù ú, Fúnláyọ̀ ló gba ipò kìíní, Rọ̀kíbátù ló ṣìkejì. Bí èékánná báyìí ló wà láàárín wọn. Kóòṣì ní ọmọ rẹ gbé orí láti mí nígbà tó kù díẹ̀ kó dé. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ mí ló pàdánù." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ ọ́ fún Rọ̀kíbátù bó ṣe ń jẹ ẹ̀bà.

Ohun tó kù ni pé ojú rẹ̀ ń pọ́n, orí sì ń fọ́ ọ lálaalẹ́. Kóòṣì ní oògùn inú omi ni, yóò mọ́ ọn lára.

Bàṣírát


Lífápúù
28 Júùnù, 1998

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìnáwó-nára, ẹ kú ìdúró tì wá. Mo ka lẹ́tà yín sókè níbi iṣẹ́, mo ń túmọ̀ ọ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀pà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi wá wò wá.

Ṣé ó ti ṣẹ́gun ọmọ Awóyáyà yẹn? Ẹ bá mi sọ fún Kóòṣì pé èmi bàbá rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, kó kọ́ ọ bó ṣe mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ oyin inú àpáta tó ń wo ẹnu àáké. Ẹ̀fọ́rí yẹn, ẹ fún un ní omi mu dáadáa. Mo rò pé oòrùn ni.

Bọ̀sún yín


Ìkàtẹ́ Elégùshì
20 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1998

Dádì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà? Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Àǹtí din ẹran tó ṣẹ́kù nínú fìríìjì Ìyá Sàdíátù, aládùúgbò wa, fún mi, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ìlúwẹ̀ẹ́ mi ti le gan-an báyìí. Fúnláyọ̀ ti di ọ̀rẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Kóòṣì ń kọ́ wa ní eré kan tó ń jẹ́ òkúta. A máa rì lọ sísàlẹ̀ níbi tó jìn, a máa di irin àtẹ̀gùn mú, a ò ní mira. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè láti mí ló pàdánù, ó máa wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ títí apá rẹ̀ á fi kú. Èmi àti Fúnláyọ̀ la máa ń kù sísàlẹ̀.

Fúnláyọ̀ ló kọ́ mi ní ọgbọ́n rẹ̀. Kí o tó rì, o máa mí kíákíá, kíákíá, bí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, títí ìka rẹ á fi máa já ọ jẹ. Tí o bá wá délẹ̀, àyà á kọ́kọ́ máa dùn ọ́. Lẹ́yìn náà kò ní dùn ọ́ mọ́. Dádì, tó bá yá kì í tilẹ̀ wù mí láti mí mọ́. Á kàn dákẹ́, á dùn bí ìgbà tí oorun ń gbé mi lọ tí Àǹtí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìmọ́lẹ̀ á máa dínkù látẹ̀gbẹ́ bọ̀ láàárín. Kóòṣì ní ìgbà yẹn gan-an ni aṣẹ́gun ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣubú nígbà tá a tò fún àdúrà òwúrọ̀ nílé ìwé. Àǹtí ní ebi ni, ó ní kí n má sọ fún yín kí ẹ má baà máa ronú. Ẹ má sọ pé mo sọ.

Ọmọ yín,
Rọ̀kíbátù


Lífápúù
12 Ọ̀kítóbà, 1998

Àǹtí mi,

Mo kí yín. Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Rọ̀kíbátù kọ̀wé sí mi nípa eré kan tí wọ́n ń pè ní òkúta. Ẹ má nà án. Mo mú lẹ́tà rẹ̀ lọ bá sísítà kan, ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ní wọ́ọ̀dù tá a ń fọ aṣọ wọn, mo sì túmọ̀ ọ fún un. Kò tíì jẹ́ kí n parí tó fi di apá mi mú. Ó ní, "Ṣé ọmọ rẹ ṣì wà láàyè?" Àǹtí, bó ṣe bi mí nìyẹn.

Ó ní èémí kíákíá yẹn ni ìkà tó wà níbẹ̀. Ó ń tan ara jẹ. Ara ló yẹ kó ké nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń tán, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara kì í mọ̀ láti ké mọ́. Adùn tí ọmọ yìí ń sọ, tó ní kò wu òun láti mí, ẹnu ọ̀nà ikú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, á kàn kú bí iná tí wọ́n pa. Ẹni tó bá dákú lábẹ́ omi báyìí kì í jà, kì í nawọ́, kì í pariwo. Àwọn tó wà létí omi á rò pé ó ṣì ń ṣeré.

Mo bẹ yín ní orúkọ Ọlọ́run, kó má wọ omi yẹn mọ́. Èmi ni mo ní kó lọ, èmi náà ni mo ní kó kúrò. Kí ló sì dé tí ọmọ ṣubú nílé ìwé tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Mo pe ilé tẹlifóònù tó wà ní Ajah, wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan sí yín. Mo dúró títí, ẹ ò wá.

Bọ̀sún


Ìkàtẹ́ Elégùshì
4 Nòfẹ́ńbà, 1998

Bọ̀sún,

Lẹ́tà rẹ dé kí Ọ̀kítóbà tó parí. Mi ò tètè fèsì torí inú ń bí mi, ẹnu tó ń bínú kì í sọ̀rọ̀ ire.

Kí ló dé tí mo pa á mọ́ fún ọ? Nígbà tí ìgbóná mú un ní kékeré tí mo gbé e sẹ́yìn rìn dé ọsibítù, ta ni mo sọ fún? Nígbà tó ń jí lálẹ́ tó ń pe ìyá rẹ̀, ìwọ ló ń dá lóhùn bí? O kọ̀wé pé kí ọmọ wọ omi, mo gbà. Mo gé aṣọ, mo rán an, mo ti ìsọ̀ mi pa ní gbogbo Sátidé. Nísinsìnyí tí ayé ń pe orúkọ rẹ̀, o tún kọ̀wé pé kó jáde. Ṣé okùn ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ni, tí o fi ń fà á láti ìlú òyìnbó?

Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá Kóòṣì, mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, àwọn òyìnbó yẹn, òjò gan-an ń bà wọ́n lẹ́rù. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Ṣé mo kú ni?" Ó ní ìdíje ńlá ti súnmọ́, ti gbogbo ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ yìí, àárín Dìsẹ́ńbà. Wọ́n á mú àwọn tó bá yege lọ díje níta. Ṣé kí n yọ ọ́ nígbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́?

Kó tó di pé o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ, wá wò ó ná.

Bàṣírát


Lífápúù
23 Nòfẹ́ńbà, 1998

Àǹtí mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ, òótọ́ ni. Ẹ nà mí ní pàṣán rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú un kúrò nínú omi. Tí ẹ bá fẹ́, kó máa díje, kó má ṣe eré òkúta yẹn. Ẹ fi ìlà méjì péré dá mi lóhùn.

Bọ̀sún


Lífápúù
29 Dìsẹ́ńbà, 1998

Àǹtí mi,

Ṣé kò sí o? Ìdíje ti kọjá. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí mi. Mo pe Ajah lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin tó gbé tẹlifóònù ní òun mọ ìsọ̀ yín, pé ó ti pẹ́ tó ti wà ní títì. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni," ìlà tẹlifóònù bá já.

Ọmọ wo? Àǹtí, ọmọ wo?


Ìkàtẹ́ Elégùshì
3 Jánúárì, 1999

Dádì mi,

Mo wà láàyè. Àǹtí ò lè kọ̀wé, ìyẹn ni mo fi ń kọ ọ́.

Fúnláyọ̀ ló kú.

Ọjọ́ ìdíje ńlá ni. Èmi àti òun la yege jù ní àárọ̀, wọ́n fi òun sí lénì kẹrin, èmi sí ìkarùn-ún fún àṣekágbá ìrọ̀lẹ́. Nígbà tá a sinmi tán, Kóòṣì ní ká wá ṣe òkúta lẹ́ẹ̀kan péré níbi tó jìn kí àyà wa lè ṣí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn wá wò wá. A mí kíákíá, a rì.

Ohun kan wà tí ẹ ò mọ̀. Lẹ́yìn tí lẹ́tà yín dé, Àǹtí pè mí sí yàrá. Ó ní, "Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn, tí kò bá ti wù ọ́ láti mí mọ́, gòkè. Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Má sọ fún Kóòṣì pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Láti ìgbà náà ni Fúnláyọ̀ ti ń borí mi nínú òkúta. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí dùn, mo gòkè.

Fúnláyọ̀ kù sísàlẹ̀. Gbogbo èèyàn ń ka oókan, eéjì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá Fúnláyọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń wí pé, "Ọmọ mi! Ẹ wo ọmọ mi!" Kóòṣì gbé àtàǹpàkò sókè. Mo wo omi, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára irin. Irun rẹ̀ ń jó díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn!" Kóòṣì ní, "Màmá, ẹ má da ọkàn rẹ̀ rú." Àǹtí ò tún sọ nǹkan kan. Ó sáré, ó bẹ́ sómi tòun ti ìró àti ìbòrí. Mi ò mọ̀ pé Àǹtí mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó rì lọ tààrà, ó gbé e wá sókè. Ètè Fúnláyọ̀ dúdú bí táàdáwà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, wọ́n gbé e sínú mọ́tò pẹ̀lú màmá rẹ̀.

Wọ́n wá sọ fún wa pé ó ti ń mí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe àwa ọmọbìnrin fún àṣekágbá. Kóòṣì fà mí lọ́wọ́ dé ìdí pátákó. Mo wẹ̀ ẹ́, Dádì. Èmi ni mo gba ipò kìíní. Lénì ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, omi ibẹ̀ ò mira.

Irọ́ ni wọ́n pa. Kò mí rárá.

Mo bi Àǹtí léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi fún Màmá Fúnláyọ̀. Láti ìgbà yẹn ni kò ti jẹun dáadáa. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi bi í.

Rọ̀kíbátù


Lífápúù
24 Jánúárì, 1999

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ẹrù ọkàn. Mo ka lẹ́tà Rọ̀kíbátù, mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ pé tèmi kọ́ ni, lẹ́yìn náà ojú tì mí.

Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Mi ò ní bi yín ní ohun tí ọmọ ní kí n bi yín. Ẹ dáàbò bo ọmọ mi, mi ò lè san án. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ yìí dè yín. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ti mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, orí yín ni wọ́n máa gbé e lé. Ẹ sun lẹ́tà mi ti Ọ̀kítóbà. Ẹ kó Rọ̀kíbátù lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ẹni tó ti lọ ti lọ.

Bọ̀sún yín


Ìkàtẹ́ Elégùshì
21 Fẹ́búárì, 1999

Bọ̀sún, àbúrò mi,

Mo kí ọ. Ìwọ̀nba ara tó kù fún mi ni mo fi ń kọ èyí.

Mi ò sun ún. Mo gbé e sún mọ́ iná sítóòfù lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e kúrò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Kóòṣì ń sọ kiri pé ọkàn ọmọ náà ni kò dáa tẹ́lẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ló fi àìsàn pamọ́ nítorí pé ó fẹ́ ògo. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé ọkọ Dúródọlá gbà á gbọ́. Wọ́n ní òun ló pa ọmọ wọn. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta ní Awóyáyà, orí páálí ọ̀dà ló jókòó sí nígbà tí mo lọ kí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ wọ omi tọ̀ ọ́. Ọlọ́run á wọ omi tọ tiyín." Mo jókòó tì í, mi ò sọ ti lẹ́tà rẹ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kóòṣì pe gbogbo òbí sípàdé létí púùlù. Ó ní ìdíje Éépírì ti ń bọ̀, àwọn ọmọ ti jókòó jù. Dúródọlá wá. Kò sẹ́ni tó pè é, ó kàn jókòó sẹ́yìn. Bàbá kan béèrè pé ṣé wọ́n á tún ṣe òkúta. Kóòṣì ní, "Kí ló burú nínú òkúta? Ọmọ tó bá ti ní ọkàn tó dáa, kò séwu. Ẹ kàn má fi àìsàn pamọ́ fún mi." Àwọn òbí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan bojú wẹ̀yìn wo Dúródọlá.

Mo dìde. Mo yọ lẹ́tà rẹ, mo kà á. Mo ka ibi tí sísítà ti bi ọ́ bóyá ọmọ rẹ ṣì wà láàyè. Mo ka ibi tí o ti ní àwọn tó wà létí omi á rò pé ó ṣì ń ṣeré. Kóòṣì ní, "Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?" Mo ní, "Mo kà á fún ọ nínú ọ́fíìsì rẹ. O rẹ́rìn-ín." Ó ní òun ò rí i rí. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀. Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣáájú ti lọ mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹsítéètì fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà púùlù. Kóòṣì ti kúrò níbi tó ń gbé. Wọ́n ní ó ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń dìde, Dúródọlá rìn wá síwájú. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni lẹ́tà yìí dé?"

Mo ní ó dé kí Ọ̀kítóbà tó parí.

Ó ní, "Gbogbo Sátidé Nòfẹ́ńbà, bẹ́ńṣì kan náà la jọ ń jókòó sí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ò ń fún mi ní omi mu."

Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"O sọ fún tìẹ?"

Mo ní mo sọ fún tèmi.

Mo rò pé ó máa lù mí. Ì bá sàn. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó rọra ká a, ó fi í sínú àpò, ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Mo pè é. Kò bojú wẹ̀yìn.

Rọ̀kíbátù ò lọ sí Ìbàdàn. Ó bá mi lọ sípàdé yẹn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wò mí kí ó tó sọ.

Lẹ́tà rẹ wà lọ́wọ́ Dúródọlá. Àdírẹ́sì rẹ wà lórí rẹ̀. Bó bá kọ̀wé sí ọ, dá a lóhùn, Bọ̀sún. Ohunkóhun tó bá bi ọ́, má parọ́ fún un.

Èmi ni,
Bàṣírát